Yúnítì Mélòó Ló Wọ Inú Ìkòkò?

Bí a bá dé ọjà, kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gàrí. Kóńgò náà ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì àti ẹ̀wà. Nítorí pé òṣùwọ̀n kan náà ni, ẹni tí ó fẹ́ ra nǹkan lè fi ọjà ìyá kan wé ti èkejì kí ó tó yọ owó. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ ohun tí a fi ń dáná, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdì-ìdì ni wọ́n ń ta igi. Àpò tàbí ike ni wọ́n fi ń ta èédú. Lítà tàbí ìgò ni ti kẹrosíìnì. Kílò ni ti gáàsì. Yúnítì ni ti iná mànàmáná. Báwo wá ni ènìyàn ṣe fẹ́ mọ èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ àti èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n?

Ẹ jẹ́ kí á fi tọkọtaya kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyàwó ń ta ẹ̀wà sísè ní àárọ̀, ọkọ sì ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń gẹ irun. A ó pe ìyàwó ní Ìyá Káyọ̀dé, a ó sì pe ọkọ ní Bàbá Káyọ̀dé. Èédú ni Ìyá Káyọ̀dé fi ń se ẹ̀wà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó ní:

"Bàbá Káyọ̀dé, èédú mà tún ti gbówó lórí o. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní kí n bọ́ sí ìdí gáàsì. Àmọ́ nígbà tí mo bèèrè iye tí kílò kan jẹ́, àyà mi já."

"Èló ni wọ́n pè é?"

"₦1,200. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ₦400 ni kílò èédú kan bọ́ sí fún mi. Ìlọ́po mẹ́ta! Ẹ̀wà wo ni n ó tà tí n ó fi rí owó yẹn san?"

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Kílò èédú kan àti kílò gáàsì kan, ṣé iṣẹ́ wọn dọ́gba lábẹ́ ìkòkò?"

Ìyá Káyọ̀dé dákẹ́. Kò rò ó dé ibẹ̀ rí.

Iye owó tí wọ́n dá yìí, àpẹẹrẹ lásán ni o. Owó ọjà ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Kí olúkúlùkù òǹkàwé fi iye ti àdúgbò rẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ohun tí kì í yí padà ni ooru tí ó wà nínú ohun tí a ń sun. Òun ni a fẹ́ wọ̀n.

Kóńgò tí a fi ń wọn ooru

Òṣùwọ̀n tí a ó lò kò jìnnà sí wa. Ó wà lára mítà iná tí ó wà lára ògiri. Yúnítì ni. Bí a bá tan gílóòbù oní-wọ́ọ̀tì 10 fún wákàtí 100, yúnítì kan ló jẹ. Bí a bá tan ohun ìdáná oní-wọ́ọ̀tì 1,000 fún wákàtí kan láìsinmi, yúnítì kan náà ni. Ẹ sọ iye wọ́ọ̀tì di ìlọ́po iye wákàtí, kí ẹ fi 1,000 pín in, ẹ ti dé yúnítì.

Yúnítì kì í ṣe ti iná mànàmáná nìkan. A lè fi wọn ooru igi, ooru èédú àti ooru epo, gẹ́gẹ́ bí kóńgò tí a fi wọn gàrí ṣe lè wọn àgbàdo. Kí ẹ lè mọ bí ooru yúnítì kan ṣe tó: bí gbogbo rẹ̀ bá wọ inú omi láìṣòfò, yóò mú nǹkan bí lítà 11 omi láti inú àmù títí yóò fi hó.

Àwọn onímọ̀ ti sun gbogbo ohun ìdáná wọ̀nyí nínú irinṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí ooru sá lọ, wọ́n sì ti wọn ooru tí ó jáde. Bí a bá sọ ohun tí wọ́n rí di yúnítì, tí a sì yọ wẹ́wẹ́ rẹ̀ kúrò kí ìṣirò lè rọrùn, bí ó ṣe rí nìyí:

Igi gbígbẹ, kílò kan: yúnítì 4.
Èédú, kílò kan: yúnítì 8.
Bẹntiróòlù, lítà kan: yúnítì 9.
Kẹrosíìnì, lítà kan: yúnítì 10.
Gáàsì ìdáná, kílò kan: yúnítì 13.

Ẹ kíyè sí i pé igi gbígbẹ ni mo kọ. Igi tútù kò tó bẹ́ẹ̀, nítorí iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi ara rẹ̀ jáde kí ó tó ráyè gbóná ìkòkò. Omi tí ó ń hó fìn-ín ní orí igi nígbà tí a bá ń dáná, ooru tí a fi owó rà ni ó ń gbé lọ yẹn.

Ooru tí kò dé ìkòkò

Ẹnìkan lè wo ohun tí mo kọ yìí kí ó ní: "Ó tán. Gáàsì 13, èédú 8. Gáàsì kò tó ìlọ́po méjì èédú, owó rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Èédú ló sàn." Kí ó má tíì yára. Ooru tí ó jáde lára iná yàtọ̀ sí ooru tí ó wọ inú ìkòkò.

Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ààrò mẹ́ta ń da ooru nù. Nínú yúnítì 8 tí igi bá mú jáde lórí ààrò gbangba, nǹkan bí 1 péré ni ó ń wọ inú ìkòkò. Afẹ́fẹ́ gbé púpọ̀ nínú ìyókù lọ. Òkúta ààrò mu díẹ̀. Ẹni tí ó ń fẹ́ iná náà jẹ nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ ni yóò sọ fún yín.

Àdògán èédú sàn ju ààrò lọ. Nínú yúnítì 5, a lè rí 1 kí ó wọ inú ìkòkò. Sítóòfù kẹrosíìnì tí òwú rẹ̀ dára lè fún wa ní 2 nínú 5. Gáàsì lè fún wa ní 1 nínú 2, bí iná rẹ̀ bá jẹ́ aláwọ̀ búlúù tí kò sì yọ gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Iye wọ̀nyí ń yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Atẹ́gùn, ìdérí ìkòkò, àti ọwọ́ ẹni tí ó ń dáná, gbogbo wọn ló ní ipa tiwọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè fi wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á padà sí ìdí ẹ̀wà. Kí á sọ pé yúnítì 4 gbọ́dọ̀ wọ inú ìkòkò Ìyá Káyọ̀dé lójúmọ́ kí ẹ̀wà rẹ̀ tó jinná. Ó dára kí ẹ mú bírò àti ìwé, kí á jọ ṣe é.

Bí ó bá jẹ́ igi ni: 1 nínú 8 ló ń wọlé. Nítorí náà, 4 lọ́nà 8 jẹ́ yúnítì 32. Kílò igi kan ní yúnítì 4. A pín 32 sí 4, ó jẹ́ kílò 8.

Bí ó bá jẹ́ èédú ni: 4 lọ́nà 5 jẹ́ yúnítì 20. A pín 20 sí 8, ó jẹ́ kílò 2 àti ààbọ̀.

Bí ó bá jẹ́ kẹrosíìnì ni: 2 nínú 5 ló ń wọlé, nítorí náà yúnítì 10 ni a óò sun kí 4 lè wọlé. Lítà kan gbáko nìyẹn.

Bí ó bá jẹ́ gáàsì ni: 4 lọ́nà 2 jẹ́ yúnítì 8. A pín 8 sí 13. Kò pé kílò kan. Gíráàmù 615 ni. (Ẹ rántí pé gíráàmù 1,000 ló wà nínú kílò kan.)

Nísinsìnyí a lè wá sọ̀rọ̀ owó. Kílò 2 àti ààbọ̀ èédú ní ₦400 kílò kan jẹ́ ₦1,000. Gíráàmù 615 gáàsì ní ₦1,200 kílò kan jẹ́ ₦738.

"Háà!" Ìyá Káyọ̀dé fọwọ́ lé orí. "₦262 ni mo ń jù sínú iná lójoojúmọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni, bí àdògán rẹ̀ bá rí bí a ti ṣe ṣírò rẹ̀. Àti pé ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹ lè mú lọ sí ọjà láìmú ìwé dání. Kílò 2 àti ààbọ̀ èédú ń ṣe iṣẹ́ tí gíráàmù 615 gáàsì ń ṣe. Bí a bá pín èkíní sí èkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 4. Nítorí náà, bí owó kílò gáàsì kan kò bá tó ìlọ́po mẹ́rin owó kílò èédú kan, gáàsì ló pọ́ọ́kú. Bí ó bá ju ìlọ́po mẹ́rin lọ, èédú ló pọ́ọ́kú. Ìlọ́po mẹ́ta tí ó já Ìyá Káyọ̀dé láyà kò tíì dé ibi ìbẹ̀rù.

Ṣùgbọ́n Ìyá Káyọ̀dé kì í ṣe ọmọdé nídìí ọjà. Ó ní: "Ẹ̀yin ń ṣírò gáàsì. Sílíńdà ńkọ́? Ìdí iná ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín wọn ni?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Bí ó bá ń tajà ní ọjọ́ 25 lóṣù, ₦262 lọ́nà 25 jẹ́ ₦6,550. Kí ó bèèrè iye tí sílíńdà, rọ́bà rẹ̀ àti ìdí iná jẹ́, kí ó fi ₦6,550 pín in. Ohun tí ó bá rí ni iye oṣù tí yóò fi san gbèsè ara rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Àwọn àdògán èédú kan wà tí wọ́n fi amọ̀ tẹ́ inú wọn, tí wọ́n sì ṣe ẹnu wọn kí ìkòkò lè jókòó dáadáa. Bí irú àdògán bẹ́ẹ̀ bá lè fún un ní 1 nínú 3, yúnítì 12 ni yóò sun, kílò kan àti ààbọ̀ èédú nìyẹn, ₦600. Èédú tún ti borí gáàsì nìyẹn lọ́nà ti owó. Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀rọ̀ yìí bí orin. Kí ó wọn tirẹ̀. Kí ó gbé èédú lé orí ìwọ̀n ní àárọ̀, kí ó wọn èyí tí ó kù ní ìrọ̀lẹ́, kí ó yọ ọ́ kúrò. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, nítorí ọjọ́ kan kò tó. Bákan náà ni a ṣe ń wọn sílíńdà gáàsì.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ alásè kò mọ̀. Omi tí ó bá ti ń hó kò lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìkòkò lásán, bí ó ti wù kí á koná mọ́ ọn tó. Iná tí a bá fi kún un, omi ni yóò kàn máa sọ di èéfín. Ooru tí ó ń sọ lítà omi kan di èéfín sì tó ìlọ́po méje ooru tí ó mú lítà omi kan náà láti inú àmù dé híhó. Ẹ̀wà kò ní tìtorí híhó kùtùkùtù yára jinná. Nítorí náà, bí ó bá ti hó, kí á dín iná kù, kí á dé ìkòkò. Ẹ̀wà tí a rẹ sínú omi láti alẹ́ náà kì í pẹ́ lórí iná bí èyí tí a kò rẹ.

Níbo ni igi lọ?

Bí kílò 8 igi bá jóná tán, ẹ̀kúnwọ́ eérú díẹ̀ ni yóò kù. Bí lítà kẹrosíìnì kan bá jóná tán, kò sí ohun tí ó kù rárá. Níbo ni wọ́n lọ? Wọn kò parẹ́. Wọ́n bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ni.

Ohun kan wà tí ó pọ̀ nínú gbogbo ohun ìdáná wọ̀nyí. Kábọ́ọ̀nù ni orúkọ rẹ̀. Èédú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kábọ́ọ̀nù látòkè délẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi dúdú. Ó wà nínú igi. Ó wà nínú kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù. Ó tilẹ̀ wà nínú gáàsì, bí a kò tilẹ̀ rí i. Nígbà tí iná bá ń jó, kábọ́ọ̀nù yìí ń so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, èyí tí í ṣe apá kan afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú. Ohun tí wọ́n jọ dà ni àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì. Nínú ìwé kékeré yìí, a ó máa pè é ní afẹ́fẹ́ èédú. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Èéfín tí ó ń ta wá lójú kọ́ ni.

Ibi tí ó ń ya ènìyàn lẹ́nu ni ti ìwọ̀n rẹ̀. Lítà bẹntiróòlù kan kò tó kílò kan lórí ìwọ̀n. Nǹkan bí gíráàmù 750 ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jóná, afẹ́fẹ́ èédú tí ó mú jáde tó kílò 2 àti gíráàmù 300. Báwo ni ọmọ ṣe wúwo ju ìyá lọ? Idán kọ́. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ni ó wọlé kún un. Kílò 12 kábọ́ọ̀nù máa ń mú kílò 32 ọ́síjìn mọ́ra, wọ́n a sì di kílò 44 afẹ́fẹ́ èédú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í yẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ iye kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú nǹkan, kí ó sọ ọ́ di ìlọ́po 44, kí ó fi 12 pín in, ó ti mọ afẹ́fẹ́ èédú tí yóò jáde.

Bí a bá ti ṣe é fún gbogbo wọn, ohun tí a ó rí nìyí. Kílò igi kan: gíráàmù 1,700. Kílò èédú kan: gíráàmù 3,300. Lítà bẹntiróòlù kan: gíráàmù 2,300. Lítà kẹrosíìnì kan: gíráàmù 2,500. Kílò gáàsì kan: gíráàmù 3,000.

Ẹ má ṣe wo kílò fún kílò. Ìkòkò ẹ̀wà kan náà ni kí á wò. Igi kílò 8 yóò mú kílò 13 àti gíráàmù 600 afẹ́fẹ́ èédú jáde. Èédú kílò 2 àti ààbọ̀ yóò mú kílò 8 àti gíráàmù 250 jáde. Kẹrosíìnì lítà kan, kílò 2 àti ààbọ̀. Gáàsì gíráàmù 615, kò tó kílò 2: gíráàmù 1,845 ni.

Èédú tún ní gbèsè kan tí kò hàn ní ìdí àdògán. Inú igbó ni wọ́n ti jẹ ẹ́. Ní Òkè-Ògùn, níbi tí ọ̀pọ̀ èédú wa ti ń wá, wọ́n a gé igi bí àyìn àti emi, wọ́n a kó o jọ, wọ́n a fi koríko àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n a sì jẹ́ kí ó máa jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Púpọ̀ nínú ooru igi náà tán síbẹ̀. Kílò igi bí 5 títí dé 7 ni ó ń di kílò èédú kan, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹni tí ó ń sun ún kò bá mọṣẹ́. Kí á fi 6 ṣe é. Kílò 2 àti ààbọ̀ tí Ìyá Káyọ̀dé ń sun lójúmọ́ ti jẹ́ kílò 15 igi. Igi tí ì bá fi se ẹ̀wà lórí ààrò kò ju kílò 8 lọ! Bí ó bá tajà ní ọjọ́ 300 lọ́dún, kílò 4,500 igi ni. Igi emi sì nìyí, igi tí a ti ń rí òrí.

Ó yẹ kí á ṣe òdodo sí igi ṣá. Nígbà tí igi ń dàgbà, inú afẹ́fẹ́ ni ó ti ń fa kábọ́ọ̀nù rẹ̀. Bí a bá gé igi kan, tí òmíràn sì hù dípò rẹ̀ tí ó dàgbà, èyí tí ó hù yóò fa afẹ́fẹ́ èédú náà padà. Gbèsè náà ti san nìyẹn. Kẹrosíìnì àti gáàsì kò lè san tiwọn bẹ́ẹ̀, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni a ti wà wọ́n jáde. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń ka afẹ́fẹ́ èédú igi gbọ́dọ̀ bèèrè pé: ṣé wọ́n gbin òmíràn? Ibi tí wọ́n bá ti ń gé tí wọn kò gbìn, gbèsè ni gbogbo rẹ̀.

Kí ni afẹ́fẹ́ èédú yìí ń ṣe fún wa tí a fi ń kà á? Ní ọdún 1859, John Tyndall, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ń ṣe ìwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù, fi hàn pé ó máa ń di ooru mú bí aṣọ ìbora. Láti ọdún 1958 ni Charles Keeling, ará Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n ní orí òkè Mauna Loa ní erékùṣù Hawaii. Ní ọdún náà, nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́, nǹkan bí 315 ni afẹ́fẹ́ èédú. Ní ọdún 2024, ó ti ju 420 lọ. Aṣọ ìbora ń nípọn sí i, ayé sì ń gbóná sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú mi. Kì í ṣe Ìyá Ẹlẹ́wà ló ba afẹ́fẹ́ ayé jẹ́. Bí a bá pín ohun tí epo, gáàsì àti èédú ilẹ̀ tí a ń sun ní Nàìjíríà ń mú jáde lọ́dún, kò tó tọ́ọ̀nù kan lórí ẹnì kan. Ti ará Amẹ́ríkà kan ju tọ́ọ̀nù 13 lọ. Owó ara rẹ̀, igbó tí ó yí wa ká, àti àyà tí ó fi ń mí ni kí ó kọ́kọ́ tìtorí wọn ṣe ìṣirò yìí.

Nípa ti àyà yẹn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Bí iná kò bá rí afẹ́fẹ́ tó, kábọ́ọ̀nù kò ní rí ọ́síjìn tí ó tó mú. Ìdajì ni yóò mú. Ohun tí ó dà nígbà náà ni kábọ́ọ̀nù mónósáìdì, májèlé gidi ni. Òun náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ẹni tí ó bá gbé àdògán èédú wọ yàrá tí ó ti fèrèsé lè sùn kí ó má jí mọ́. Jẹnẹrétọ̀ náà ń mú un jáde. Kò gbọdọ̀ sí nínú ilé, kò gbọdọ̀ sí ní ọ̀ọ̀dẹ̀, kò gbọdọ̀ sí lábẹ́ fèrèsé. Èéfín ìdáná lásán náà ń pani díẹ̀díẹ̀: Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3 àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 200 ni èéfín inú ilé pa ní gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ kan jẹnẹrétọ̀

Nígbà tí wọ́n ṣírò dé ibí, Ìyá Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní: "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ ti bá mi ṣírò ẹ̀wà mi, ẹ ṣeun. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń tàn ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

Bàbá Káyọ̀dé wúkọ́. Ṣùgbọ́n ó mú bírò.

Lítà 3 bẹntiróòlù ni jẹnẹrétọ̀ kékeré rẹ̀ ń mu láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. 3 lọ́nà 9 jẹ́ yúnítì 27. Kí wá ni ó fi ń ṣe? Ẹ̀rọ ìgẹrun, wọ́ọ̀tì 15. Fáànù kan, wọ́ọ̀tì 55. Gílóòbù mẹ́ta, wọ́ọ̀tì 30. Tẹlifíṣọ̀n kékeré, wọ́ọ̀tì 50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wọ́ọ̀tì 150. Kí á tilẹ̀ sọ pé gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10 láìsinmi. 150 lọ́nà 10 jẹ́ 1,500. A fi 1,000 pín in, yúnítì kan àti ààbọ̀ ni.

Yúnítì 27 wọlé, yúnítì kan àti ààbọ̀ jáde! 1 nínú 18 nìyẹn. Ààrò mẹ́ta tí à ń bú pé ó ń da ooru nù, 1 nínú 8 ni tirẹ̀. Ìyókù epo Bàbá Káyọ̀dé ń bá ariwo àti èéfín gbígbóná lọ. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń gbé ẹrù tí ó tó agbára rẹ̀, ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n irú àwọn kéékèèké wọ̀nyí kì í sábà fún ni ní yúnítì 2 pé lórí lítà kan. Ti afẹ́fẹ́ èédú: 3 lọ́nà 2,300 jẹ́ gíráàmù 6,900. Ó ju ìlọ́po mẹ́ta ti ìkòkò ẹ̀wà tí a fi gáàsì sè lọ.

Bí ó bá jẹ́ iná ìjọba ni, yúnítì kan àti ààbọ̀ náà ni ì bá sanwó rẹ̀. Omi ni wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ apá kan iná yẹn, bí ti Kainji tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1968. Gáàsì abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń sun fún apá kejì, bí ti Ẹ̀gbìn lẹ́bàá Ìkòròdú. Bí a bá da méjèèjì pọ̀, a lè fi nǹkan bí gíráàmù 500 ṣírò yúnítì kan. Ti ṣọ́ọ̀bù náà yóò jẹ́ gíráàmù 750.

"Bí iná bá wà ni ẹ wí," ni Bàbá Káyọ̀dé sọ fún ẹni tí ó bá wọn ṣírò, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, ó mọ̀ pé yúnítì kan àti ààbọ̀ péré ni òun nílò, kì í ṣe 27. Nígbà tí oníṣòwò sólà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ó fẹ́ ta èyí tí ó tóbi jù fún un, ó mọ ohun tí yóò bèèrè.

Ìṣirò fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán ara rẹ̀ wò

Ìyá kan tí ó ní ilé oúnjẹ ń sun kílò 5 èédú lójúmọ́. Yúnítì mélòó ni ó ń sun? Mélòó ló ń wọ inú ìkòkò? Gáàsì tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà tó kílò mélòó? Afẹ́fẹ́ èédú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò mú jáde ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó ń sun yúnítì 40. Yúnítì 8 ló ń wọ inú ìkòkò. Gáàsì yúnítì 16 ni yóò ṣe é, èyí tí í ṣe kílò kan àti gíráàmù 230. Afẹ́fẹ́ èédú ti èédú jẹ́ kílò 16 àti ààbọ̀. Ti gáàsì kò pé kílò 4: kílò 3 àti gíráàmù 690 ni.